Kí ló dé tí ẹyin adìẹ àgríìkì kì í pa?

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti fọwọ́ sí i ní oṣù Kínní ọdún 2024 pé kí wọ́n máa ta irúgbìn àgbàdo TELA, tó jẹ́ GMO (ohun tí wọ́n tún àbùdá rẹ̀ ṣe nínú yàrá ìwádìí), fún àgbẹ̀, ọ̀rọ̀ GMO kò kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn wa mọ́. Orí àgbàdo ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó wọ ilé adìẹ. Bí ẹ bá wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn ọmọ Ọ̀kún ní Ìpínlẹ̀ Kogí, yálà ti Yàgbà, Ìjùmú, Òwé, Bùnú tàbí Ọ̀wọ́rọ̀, àfàìmọ̀ kí ẹ má ti gbọ́ ọ: pé adìẹ pupa tó ń yé ẹyin lójoojúmọ́ yẹn, GMO ni, pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún un kó tó yé, pé ẹyin rẹ̀ kò ní ẹ̀mí nínú, ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi kó o sábẹ́ adìẹ ìbílẹ̀ tó ń sàba, tí ẹyọ kan kò sì pa.

Pé ẹyin náà kì í pa, òótọ́ ni. Àwọn ìdí tí wọ́n ń tò lé e lórí ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Adìẹ wo là ń sọ?

Lọ́dọ̀ wa, adìẹ tí kì í bá ti ṣe ti ìbílẹ̀, àgríìkì ló ń jẹ́. Bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Bíróílà wà, ẹran ni wọ́n ń sìn ín fún, ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ti tó láti pa á jẹ. Léyà wà, ẹyin ni iṣẹ́ tirẹ̀. Noiler wà láàárín àwọn méjèèjì, màá fẹnu bà á níwájú. Léyà ni ọ̀rọ̀ wa lónìí.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn léyà ilẹ̀ wa ni ISA Brown. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ṣe é jáde lọ́dún 1978, ní ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Institut de Sélection Animale, ibẹ̀ ni lẹ́tà mẹ́ta tó ṣíwájú orúkọ rẹ̀ ti wá. Lónìí, ilé iṣẹ́ Hendrix Genetics ti ilẹ̀ Netherlands ló ni ín. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ tó jọ ọ́ gan-an: Lohmann Brown láti Jámánì, Hy-Line Brown láti Amẹ́ríkà. Dúdú náà wà, Nera lorúkọ rẹ̀. Bí ó bá ti pupa, ISA Brown ni wọ́n máa pè é lọ́jà, n kò sì rí ìdí tí èèyàn fi máa bá wọn jà sí i, torí ọgbọ́n kan náà ni wọ́n fi ṣe gbogbo wọn.

Kí ni hybrid? Ṣé GMO náà ni?

Hybrid ni ọmọ tí a bí látinú ìdílé méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n ti ya ìdílé kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó mú wọn pàdé. Ní ti ISA Brown, ìran Rhode Island Red, adìẹ pupa, ni bàbá ti wá. Ìran Rhode Island White, adìẹ funfun, ni ìyá ti wá.

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í kàn mú àkùkọ kan àti àgbébọ̀ kan sínú àgò. Nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀: iye ẹyin tí adìẹ yìí yé, bí ẹyin náà ṣe tóbi tó, bí èèpo rẹ̀ ṣe le tó, iye oúnjẹ tó jẹ kó tó yé e. Èyí tó bá ta yọ ni wọ́n ń mú bímọ, wọ́n á tún ṣa èyí tó ta yọ nínú àwọn ọmọ, ìran dé ìran. Ìdílé kan lè mọ ẹyin yé, kí èkejì jẹ́ èyí tí kì í tètè ṣàìsàn. Ọjọ́ tí wọ́n bá so àwọn méjèèjì pọ̀ ni ọmọ máa kó ire ìhà kọ̀ọ̀kan, ara rẹ̀ á sì tún le ju ti bàbá àti ìyá lọ.

Àwọn tó ń gbin àgbàdo hybrid ní Kàbà àti Ìsánlú ti mọ bí ìyókù ṣe ń lọ. Bí ẹ bá ra irúgbìn rẹ̀ lọ́dún yìí, oko á dùn ún wò, gbogbo rẹ̀ á dọ́gba. Bí ẹ bá ṣa nínú ohun tí ẹ kórè pamọ́, tí ẹ gbìn ín lọ́dún tó ń bọ̀, ọ̀kan á ga, ọ̀kan á ràn mọ́lẹ̀, òmíràn ò ní so nǹkan kan tó ṣeé fi yangàn. Ire tó wà lára hybrid, ọ̀dọ̀ ọmọ àkọ́kọ́ yẹn ló parí sí.

GMO yàtọ̀ sí èyí pátápátá. Ní ti GMO, inú yàrá ìwádìí ni onímọ̀ ti máa mú àbùdá kan láti ara ohun ẹlẹ́mìí mìíràn, tí á fi sínú èyí tó fẹ́ tún ṣe. Bí wọ́n ṣe ṣe TELA nìyẹn: ara kòkòrò àìfojúrí kan tó ń gbé inú ilẹ̀ ni wọ́n ti mú ohun tó ń pa kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo. Kò sí ẹni tó ṣe irú rẹ̀ sí ISA Brown. Àkùkọ gun àgbébọ̀ ni, ṣíṣà tí wọ́n ń ṣà wọ́n ló gba ọgbọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ bá GMO jà, ẹ lè béèrè irú àgbàdo àti sóyà tí wọ́n ń lọ̀ sínú oúnjẹ adìẹ. Ìyẹn ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ adìẹ fúnra rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń mọ abo lọ́jọ́ àkọ́kọ́

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Ọmọ adìẹ ìbílẹ̀, ẹ ò lè fi ojú lásán mọ akọ yàtọ̀ sí abo lọ́jọ́ tó jáde, ẹ máa dúró dìgbà tí ogbe bá yọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣí páálí ọmọ ISA Brown tí wọn kò tíì ṣà, àwọ̀ méjì lẹ máa bá: àwọn kan pupa rẹ́súrẹ́sú, àwọn kan funfun tó fẹ́ẹ́ jọ yẹ́lò. Èyí tó pupa, abo ni. Èyí tó funfun, akọ ni.

Nínú ọmọ èèyàn, ohun tí bàbá fún ọmọ ló ń sọ ọ́ di ọkùnrin tàbí obìnrin. Nínú adìẹ, ti ìyá ni. Ohun tí ìyá adìẹ ń fún ọmọ tó fi ń di akọ, orí rẹ̀ gan-an ni àwọ̀ funfun ìyá jókòó sí. Gbogbo ọmọ tó bá jẹ́ akọ ló ń gba funfun yẹn lọ́wọ́ ìyá, funfun sì máa ń bo pupa tó gbà lọ́wọ́ bàbá mọ́lẹ̀. Abo kò rí funfun ìyá gbà rárá. Pupa bàbá nìkan ló kù fún un. Ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ bàbá ló pupa, kí ìyá jẹ́ funfun. Bí wọ́n bá pa á dà, àmì náà bà jẹ́. Ti Nera ní àmì tirẹ̀: dúdú ni akọ àti abo, àmọ́ akọ máa ń ní ẹ̀kán funfun lórí.

Àwọn ọmọ funfun wọ̀nyẹn, tí wọn ò ní yé ẹyin láéláé, ni wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú ní kọ́kúrẹ́lì. Púpọ̀ nínú àkùkọ funfun tí ẹ ń rà pa nígbà Kérésì, arákùnrin ISA Brown ni wọ́n. Nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọmọ funfun wá fún yín tó ní ISA Brown tó máa yé ẹyin ni, ẹ ti mọ ohun tó gbé wá.

Ìdí tí ẹyin rẹ̀ kì í fi pa

Adìẹ kò nílò àkùkọ kó tó yé ẹyin. Bí ara àgbébọ̀ bá ti gbó, á máa yé, àkùkọ wà níbẹ̀ o, kò sí níbẹ̀ o. Iṣẹ́ àkùkọ ni kí ẹyin lè di ọmọ. Nínú ilé léyà, wọn kì í fi àkùkọ sí i, torí á kàn máa jẹ oúnjẹ tí kò mú owó wọlé ni. Ẹyin tó ń ti ibẹ̀ jáde kò pàdé àkùkọ rí, kò sì sí bí adìẹ ìbílẹ̀ yín ṣe lè sàba lé e fún ọjọ́ 21 tí á fi pa. Fún jíjẹ, kò dín nǹkan kan kù nínú oore rẹ̀.

Bí àkùkọ ìbílẹ̀ bá ń rìn láàárín wọn ńkọ́? Ẹyin yẹn á pa, bí ẹ bá rí adìẹ ìbílẹ̀ tó máa sàba lé e. ISA Brown fúnra rẹ̀ ṣọ̀wọ́n kó sàba. Àwọn tó ṣà á mọ̀ọ́mọ̀ yọ ìwà náà kúrò ni, nítorí adìẹ tó bá ti ń sàba kò ní yé ẹyin mọ́ títí yóò fi dìde. Àwọn ọmọ tí ẹ máa rí níbẹ̀, oríṣiríṣi ni wọ́n máa jẹ́, àwọ̀ wọn ò ní sọ akọ tàbí abo fún yín, iye ẹyin wọn ò sì ní dé ti ìyá wọn. Kò sí ohun tó burú nínú kí ẹ sin wọ́n jẹ nílé. Ẹni tó bá ń tà wọ́n fún aládùúgbò ní léyà ló ń ṣe màgòmágó.

Ṣé abẹ́rẹ́ ló ń mú un yé ẹyin?

Abẹ́rẹ́ wà, àmọ́ ti àjẹsára ni. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá jáde ni wọ́n ń gún un ní ti àrùn Marek. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi àjẹsára lúkúlúkú àti ti Gumboro sínú omi mímu rẹ̀, wọ́n á sì gún ti ìgbóná adìẹ sí awọ ìyẹ́ apá rẹ̀. Kò sí èyí tó ń fa ẹyin nínú wọn.

Ohun tó ń mú un yé ni ìran tó ti wá, oúnjẹ àti ìmọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo bí ẹyin kan ṣe ń dé. Pupa ẹyin á jáde láti ibi tó ti gbó sí, á máa rìn lọ nínú ara adìẹ, funfun á yí i ká, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ló máa dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe èèpo. Ibẹ̀ ló ń pẹ́ sí jù, nǹkan bí wákàtí 20. Gbogbo ìrìn àjò náà ń gbà tó wákàtí 25, ó fi díẹ̀ ju ọjọ́ kan lọ. Ìdí nìyẹn tí adìẹ tó yé ní aago méje àárọ̀ òní fi máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i lọ́la, tí á máa sún síwájú títí á fi fo ọjọ́ kan. Ẹni tó bá sọ fún yín pé léyà òun ń yé ẹyin méjì lójúmọ́, ẹ bá a rẹ́rìn-ín.

Nínú èèpo ẹyin kan ṣoṣo, kásíọ̀mù tó wà níbẹ̀ ju gíráàmù 2 lọ. Adìẹ tó wọn kìlógíráàmù 2 ló ń fa èyí jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́. Bí kò bá rí i nínú oúnjẹ, egungun ara rẹ̀ ló máa máa yọ́ fi ṣe èèpo. Ẹ̀yin náà ti rí adìẹ tó ń yé dáadáa tó ṣàdédé jókòó, tí kò lè dìde lórí ẹsẹ̀ mọ́. Àwọn èèyàn á ní wọ́n sà sí i ni. Egungun ló ti tán. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lọ irú òkúta tí wọ́n ń wà ní Ọ̀bàjànà fún sìmẹ́ńtì sínú oúnjẹ léyà (òkúta rẹ̀ ni mo sọ o, kí ẹnikẹ́ni má lọ bu sìmẹ́ńtì fún adìẹ). Oúnjẹ léyà yìí kan náà kò yẹ ọmọ adìẹ rárá. Kásíọ̀mù inú rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ara ọmọ lè gbà lọ, kíndìnrín rẹ̀ ló sì máa ń bà jẹ́. Ọmọ ní oúnjẹ tirẹ̀, àwọn tó ń dàgbà ní tiwọn, tí léyà ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹyin bá fẹ́ máa jáde, ní ọ̀sẹ̀ 18 sí 20.

Ìmọ́lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kò kà sí. Ojú adìẹ àti orí rẹ̀ ló ń ka bí ọjọ́ ṣe gùn tó, ìyẹn ló ń sọ fún ara rẹ̀ pé àkókò tó láti yé. Ó fẹ́ ìmọ́lẹ̀ tó tó wákàtí 16. Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ kì í gùn ju wákàtí 12 àti díẹ̀ lọ, ẹ̀ẹ̀rùn tàbí òjò. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń fi gílóòbù parí ìyókù, ní ìdájí tàbí ní alẹ́. Ní àwọn ìlú tí iná kì í dúró, sólà kékeré kan tó iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ àkókò kan náà lójoojúmọ́. Iná tó ń wá tó ń lọ bó ṣe wù ú ń da adìẹ lórí rú ju òkùnkùn lọ.

Bí nǹkan wọ̀nyí bá pé, ISA Brown á yé ju ẹyin 300 lọ ní ọdún kan. Adìẹ ìbílẹ̀ wa ń yé 40 sí 60, àmọ́ kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ó ń ṣa oúnjẹ rẹ̀ jẹ fúnra rẹ̀, ó sì ń tọ́ ọmọ.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rù nǹkan kan lórí ẹyin, ẹ bẹ̀rù oògùn. Oògùn tí wọ́n fi ń wo àìsàn adìẹ máa ń wọ inú ẹyin, ó sì ní iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀ pé kí wọ́n má ta ẹyin. Àwọn kan ń tà á lọ́jọ́ náà gan-an. Ìyẹn tó ohun tí ẹgbẹ́ WhatsApp ń fi ohùn sílẹ̀ lé lórí.

Èèpo pupa, èèpo funfun

Ìran adìẹ ló ń pinnu àwọ̀ èèpo, kò kan oore inú rẹ̀. Pupa ẹyin tó pọ́n dáadáa ń ti ara àgbàdo pupa àti ewé tútù tí adìẹ jẹ wá. Ìdí nìyẹn tí ti adìẹ ìbílẹ̀ fi máa ń pọ́n jù.

Ìgbà tí agbára rẹ̀ bá ń lọ

Láàárín ọ̀sẹ̀ 25 sí 30 ni ó ń wà ní góńgó, tí adìẹ 100 á máa mú ju ẹyin 90 wá lójúmọ́, kíréètì mẹ́ta nìyẹn. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan á bẹ̀rẹ̀ sí wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó bá tó ọ̀sẹ̀ 72 sí 80, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ á tà á ní old layer, torí iye tó ń jẹ kò dín kù bí ẹyin ṣe ń dín kù. Gíráàmù 110 sí 120 ni ọ̀kan ń jẹ lójúmọ́. Ẹ fi 100 lọ́nà rẹ̀, ẹ máa rí i pé àpò oúnjẹ kìlógíráàmù 25 kan fi díẹ̀ ju ọjọ́ méjì lọ ni. Oúnjẹ ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó iṣẹ́ yìí.

Àwọn kan ń ra old layer kí wọ́n lè gbé e sílé fún ẹyin. Kí ẹ tó sanwó, ẹ yí i padà, kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Adìẹ tó ń yé lọ́wọ́, ojú ibi tí ẹyin ń gbà jáde fẹ̀, ó sì tutù. Ẹ ó rí egungun tẹ́ẹ́rẹ́ méjì níbẹ̀, ìka yín méjì sí mẹ́ta yóò wọ àárín wọn. Bí ó bá jẹ́ ìka kan ṣoṣo ló wọ̀ ọ́, tí ibẹ̀ gbẹ, tó sì fún pọ̀, ọbẹ̀ ni kí ẹ fi í sè. Ẹ tún wo ẹsẹ̀. ISA Brown máa ń ní ẹsẹ̀ tó ní àwọ̀ yẹ́lò bí ó bá ṣì kéré, àmọ́ àwọ̀ yẹn ń bá ẹyin lọ: ojú ìdí ló kọ́kọ́ ń funfun, ó tẹ̀ lé e ní àyíká ojú, lẹ́yìn náà ẹnu, ẹsẹ̀ ló ń kẹ́yìn. Adìẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun báláú ti yé púpọ̀. Bí ó bá ti gbàgbé ẹyin yíyé, àwọ̀ náà á tún padà bọ̀, láti ojú ìdí títí dé ẹsẹ̀.

Ẹnu tí ẹ máa ń rí pé wọ́n gé lórí, kì í ṣe pé àìsàn ṣe é. Wọ́n gé e kí wọ́n má baà máa sọ ara wọn jẹ nínú ilé tí wọ́n pọ̀ sí.

Nílẹ̀ Ọ̀kún, kí ló yẹ kí ẹ rà?

Ooru wa lágbára láti oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin, ISA Brown kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Bí ooru bá mú un, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, kò ní jẹun tó, èèpo ẹyin rẹ̀ á sì fẹ́lẹ́. Ilé tí afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, òrùlé tó ga àti omi tútù nígbà gbogbo ṣe pàtàkì ju oògùn kankan lọ.

Ọmọ ọlọ́jọ́ kan tí a ń rà, púpọ̀ ń ti hatchery (ilé tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ pa ẹyin) ìhà Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ wá, gba Ìlọrin, Ẹ̀gbẹ̀, Ìsánlú àti Mọpà wọ Kàbà. Ìyàlẹ́nu ni fún àwọn kan pé wọn ò kú lójú ọ̀nà láìjẹ láìmu. Kí ọmọ tó jáde ló ti fa ìyókù pupa ẹyin sínú ikùn, ìyẹn sì lè gbé e fún nǹkan bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Kò túmọ̀ sí pé kí ẹ máa pẹ́ kí ẹ tó fún wọn lómi bí wọ́n bá ti dé.

Bí ẹ bá fẹ́ ta ẹyin, tí ẹ lówó oúnjẹ lọ́wọ́, tí ẹ sì lè wà nílé láti mójú tó wọn, ISA Brown tàbí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Shika Brown náà wà, léyà hybrid tí ilé ìwádìí NAPRI ní Shika, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Zaria, ṣe fún ilẹ̀ wa yìí. Bí ó bá jẹ́ adìẹ ẹ̀yìnkùlé lẹ ń fẹ́, tó máa yé díẹ̀, tó sì máa lẹ́ran lára, Noiler sàn jù. Ilé iṣẹ́ Amo ní Ìlú Awẹ́ ló gbé e jáde, ó lè jáde lọ ṣa nǹkan jẹ, àmọ́ hybrid lòun náà, kò sí ìdí láti máa fi ẹyin rẹ̀ pa ọmọ. Ẹni tó fẹ́ kí adìẹ máa pa ọmọ fúnra rẹ̀ ọdún dé ọdún, ti ìbílẹ̀ ló yẹ kó sìn, kó sì máa fún un ní àjẹsára lúkúlúkú kí ọyẹ́ tó dé.

Kí ẹ tó sanwó fún ọmọ ọlọ́jọ́ kan, ẹ béèrè hatchery tí wọ́n ti wá, ọjọ́ tí wọ́n jáde nínú ẹyin, àti bóyá wọ́n ti gba àjẹsára Marek. Bí ẹni tó ń tà wọ́n bá ní òun ò mọ ọjọ́ tí wọ́n jáde, ẹ dá owó yín padà sápò.